Bàbá Rẹ Kò Wọlẹ̀ Pẹ̀lú Irọ́

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Arákàlẹ̀,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1994.

Bímbọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí Tolúwalọpẹ́ ọkọ rẹ, mo sì kí Ìfẹ́olúwa kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ibà nílé yín, kí ó má sì bá ọ lórí ẹkún. Ara tèmi le, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn mí nítorí ìrìn tí mo rìn, wàá ka ìdí rẹ̀ níwájú. Alàgbà Bísọ́dún ló ní òun yóò bá mi mú ìwé yìí dé Kàdúná, bí ọkọ̀ wọn bá rí epo.

N kò bínú rárá pé o kò lè wá sin bàbá rẹ. Ta ni kò mọ̀ pé kò sí epo nílùú? Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹni tó wà ní Ọ̀wọ̀ pàápàá kò ti rí ọkọ̀ wọ wá sí Àkúrẹ́, ká tó wá sọ ẹni tó wà ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń dé etí rẹ. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé ìyá rẹ ya olóríkunkun, pé mo fi òkú ọkọ mi sílẹ̀ ní mọ́ṣúárì fún ọjọ́ méjìdínlógún nítorí pé mo fẹ́ gbẹ̀san. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ gbẹ̀san, mo sì gbà á. Jókòó, kí o gbọ́ ọ láti ẹnu èmi tí mo ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ni bàbá rẹ kú, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń ka ìkéde òkú, ó sì ń fi ohùn pa orúkọ àwọn ará Oǹdó lára. Bàbá rẹ ń tún un ṣe fún un bó ṣe máa ń ṣe, bí ẹni pé ọmọ náà ń gbọ́. Mo wà nídìí ààrò, mo gbọ́ ọ tó ní, "Rárá, ọmọ mi, tún un pè." N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi máa yọjú, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, a kò tilẹ̀ rí ọkọ̀ gbé e. (Má jẹ́ kó jọ ọ́ lójú pé mo ń pe bàbá rẹ ní "ó". Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti kọ "wọ́n" fún mi, ó ní ọmọ Oǹdó kì í sọ ẹyọ ẹnì kan di ogunlọ́gọ̀.)

O mọ irú ènìyàn tí Lawrence Oríọlá jẹ́ nídìí gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọdún méjìlélógún ló fi ka ìkéde òkú ní aago méjìlá ọ̀sán. Nílé wa ní Oǹdó, bí wọ́n bá ní ẹnì kan kú, wọ́n á bi ọ́ pé, "Ṣé Lawrence ti kà á?" Bí kò bá tíì kà á, a jẹ́ pé àhesọ ni. Kò ka orúkọ kankan rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi àwọn ẹbí bí wọ́n ṣe ń pè é. Adẹ́mu tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan lọ, bàbá rẹ á ka orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ka ti ọba, gbogbo àwọn tó ń lọ ata ní Arákàlẹ̀ á sì pa ẹ̀rọ wọn láti gbọ́. Ohùn yẹn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

A sọ fún ọ ní 1984 pé ó fẹ̀yìn tì. Irọ́ ni, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lo wà ní Oǹdó, o fẹ́ ṣèdánwò, a kò fẹ́ dà ọ́ lọ́kàn rú. Wọ́n lé bàbá rẹ ni. Ẹni tó sì fà á ni Silas, tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wọ ilé iṣẹ́ rédíò, tó sì kọ́ ọ bí a ti ń mí láàárín gbólóhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ní òfin kan nídìí iṣẹ́ yẹn: bí ènìyàn bá mú ìwé ìkéde òkú wá, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ dé ilé olóògbé, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn kan mú ìwé wá pé Olóyè Adébùsóyè ti Ìjàrẹ́ ti papòdà. Àwọn tó ń bá a du oyè ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà. Silas ni wọ́n rán lọ sí Ìjàrẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ya ilé ọtí kan, kò dé Ìjàrẹ́. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Bàbá rẹ kà á ní aago méjìlá, ó kà á dáadáa, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ní aago méjìlá kan náà, Olóyè Adébùsóyè jókòó sílé rẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò.

Ìlú dàrú. Àwọn ará Ìjàrẹ́ kún ọkọ̀ mẹ́ta wá sí Àkúrẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Silas sì búra níwájú wọn pé òun kò rí ìwé kankan, pé ọ̀gá òun ló ní kí òun má wulẹ̀ lọ. Ìwé náà kò sí nínú fáìlì, nítorí pé àpò ẹ̀wù bàbá rẹ ló wà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú un jáde. Ó ní ìyàwó Silas ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, pé lásìkò tí ìjọba ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko yìí, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa sọ ọmọ náà sí. Ó ní, "Ohùn mi ló pa ọkùnrin náà, Monílọ́lá, kì í ṣe bírò Silas." Ó rò pé ìbáwí lásán ni wọ́n máa fún òun. Ó ṣì í rò.

Lẹ́yìn tí wọ́n lé e, wọ́n kéde rẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni rédíò fi ń sọ fún gbogbo ará ìlú pé Ọ̀gbẹ́ni Lawrence Oríọlá kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá bá a ṣe àṣepọ̀ lórúkọ wọn, ewu ara rẹ̀ ni. Ta ni wọ́n fún kà? Silas. Mo jókòó ti bàbá rẹ nínú pálọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo sì dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí Silas kà á tán, gbogbo ohun tí bàbá rẹ sọ ni pé, "Ó fa ìparí rẹ̀ gùn jù." Ọjọ́ yẹn ni mo kórìíra Silas, n kò sì sinmi láti kórìíra rẹ̀ fún ọjọ́ kan títí di òní.

Ọdún mẹ́wàá ni bàbá rẹ fi gbé irọ́ náà rù. Ó di àgbẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, òun tí kò di ọkọ́ mú rí. Wọn kò pè é kí ó darí ìnáwó mọ́. Àwọn èèyàn á kí i tán, wọ́n á yíjú sí ara wọn, wọ́n á ní òun ló gbàbọ̀dè tó pa olóyè sórí afẹ́fẹ́. Èyí tó dùn ún jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ṣì ń wá, á jókòó sẹ́yìn, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹlòmíràn bá ń kà á. Silas ní tirẹ̀ gba ètò rẹ̀, ó gba ìkíni tí bàbá rẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀gá. Kò ya ilé wa rí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo ń kó o.

Bàbá rẹ ti mú mi búra pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, n kò gbọdọ̀ mú ìwé yẹn jáde. Mo pa á mọ́ sínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ ìró ìgbéyàwó. N kò da ìbúra kankan, Bímbọ́lá. Kò sí láyé mọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Silas dé pẹ̀lú àwọn méjì láti rédíò. Ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀. Ó ní bàbá ni Lawrence jẹ́ fún òun nínú iṣẹ́, pé òun fúnra òun ni yóò ka ìkéde ìsìnkú rẹ̀, òun ni yóò sì sọ̀rọ̀ ìdágbére ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí rédíò yóò gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo fún wọn lómi. Mo wọ yàrá, mo mú ìwé náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. O mọ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí bó bá rí orúkọ ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Mo ní, "Ṣé o mọ ọwọ́ yìí?" Mo sọ fún un pé kí ó tó pe orúkọ ọkọ mi sórí afẹ́fẹ́, yóò kọ́kọ́ ka tirẹ̀: pé òun ló fọwọ́ sí i, pé òun ló parọ́. Mo ní títí yóò fi kà á, ọkọ mi kò ní wọlẹ̀, nítorí n kò ní fi irọ́ bò ó kí n tó fi erùpẹ̀ bò ó.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Silas sọ? Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, "Màmá, òkú kì í dúró deni. Ẹ wo bí epo dísù ṣe wọ́n." Ó ti mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni mọ́ṣúárì ń lò. Ó fẹ́ fi ara bàbá rẹ bá mi ta ayò. Bí ó bá bẹ̀ mí títí di alẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ọkàn mi ì bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di òkúta.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wọn ní rédíò. Ó wo ìwé náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá ni, kí n sin òkú ná. Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n sin òkú ná. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bọ̀dá Májẹ́kódùnmí, rin ìrìn àjò lórí lọ́rì pákó wá láti Oǹdó, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lágboolé. Ó bá mi jà lójú gbogbo èrò, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí àbúrò mi jẹrà ni, Monílọ́lá?" Mo dá a lóhùn pé orúkọ rẹ̀ ti ń jẹrà láti ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó wọ lọ́rì wá nítorí ìyẹn. Ó sunkún. Mo mọ̀ pé mo ṣe é níkà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí ilẹ̀ bá ti lè bo bàbá rẹ báyìí, kò sí ẹni tí yóò dá mi lóhùn mọ́, Silas ni yóò sì jẹ́ olórí ọlọ́fọ̀ rẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni jẹnẹrétọ̀ mọ́ṣúárì dákẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá sí ilé láti sọ fún mi, ó ní òun ti fi oògùn sí i, ṣùgbọ́n kí n má ṣe pẹ́. N kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé náà, mo fi ẹsẹ̀ mi gba ọ̀nà Ìjàrẹ́. Ó tó wákàtí mélòó kan kí n tó rí ọlọ́kadà tó gbé mi dé ìdajì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ní ìrora.

Olóyè Adébùsóyè ṣì wà láyé, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá pa irọ́ ikú mọ́, á pẹ́ láyé. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó kọ̀ láti rí mi. Ó ké láti inú yàrá pé, "Aya ẹni tó pa mí! Mo jókòó sí ulé mi, mo ń jẹ uyán, rédíò ní mo ti kú. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi!" Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní n kò lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moríyọ̀, ló ṣàánú mi tó gba ìwé náà wọlé kà fún un. Ó pẹ́ kí bàbá náà tó jáde. Ó di ọ̀pá mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ náà gan-an, mo ń gégùn-ún fún ọkọ rẹ. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí jà." Ó bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ pé òun ń gégùn-ún. Mo ní ó mọ̀. Ó wá ní kí Moríyọ̀ gbé agbádá òun àti ìlẹ̀kẹ̀ òun wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ni a dé ilé iṣẹ́ rédíò. Olóyè sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì pé, "Lọ sọ fún Silas pé òkú Ìjàrẹ́ ti dé." Ọmọ mi, o yẹ kí o rí wọn! Àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde ní gbogbo yàrá. Bàbá náà wọ ọ́fíìsì Silas, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé tábìlì. Ó ní òun kò dìde níbẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá gbé òun jáde gẹ́gẹ́ bí òkú, èyí tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgbà tó ní kí n sin òkú ná ló tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Silas kọ ìwé kan pé "àṣìṣe kan wáyé". Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Mo yọ bírò pupa nínú àpò mi, mo fagi lé gbogbo rẹ̀, mo sì kọ èyí tó máa kà sábẹ́ rẹ̀.

Ó kà á lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán. Ẹnu géètì mọ́ṣúárì ni mo ti gbọ́ ọ, nínú rédíò ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, nítorí mo fẹ́ wà nítòsí bàbá rẹ. Ó ní, "Èmi Silas, tí ẹ ń gbọ́ ohùn mi yìí, èmi ni mo fọwọ́ sí ìkéde ikú Olóyè Adébùsóyè ní 1984, n kò sì dé Ìjàrẹ́. Mo parọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Olóògbé Lawrence Oríọlá kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì ní aago mẹ́rin, ó tún kà á ní aago méje, ó sì sunkún nígbà kẹta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi dé inú egungun. N kò ṣàánú rẹ̀.

A sin bàbá rẹ ní Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Èrò tó fi ẹsẹ̀ rìn wá, tó wọ lọ́rì wá, kò níye, ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n. Fíkà wa, tó bá wa lọ láti Àkúrẹ́, tọrọ àforíjì lórí pẹpẹ nítorí ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Silas wá pẹ̀lú. Mo sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn pé kò gbọdọ̀ wọlé, ó sì dúró sínú oòrùn lẹ́bàá ọgbà títí a fi parí.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. O rán Bísọ́dún sí mi pé kí a ya fọ́tò bàbá rẹ nígbà tí a bá tẹ́ ẹ, kí o lè rí i. Kò sí fọ́tò, Bímbọ́lá. Ní òwúrọ̀ ìsìnkú, mo ní kí wọ́n ṣí pósí fún mi. Ọkùnrin mọ́ṣúárì náà fi ọwọ́ lé e, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí wọn bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n." Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Wọ́n ti kàn án pa. Èmi tí mo bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò rí ojú rẹ̀, Bọ̀dá Májẹ́kódùnmí kò rí i, ìwọ náà kò ní rí i mọ́. Mo ti gbìyànjú láti di ẹ̀bi èyí pẹ̀lú lé Silas lórí, nítorí n kò ní ohun tí n kò lè dì lé e lórí. Ṣùgbọ́n Silas kọ́ ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni. Mo gba orúkọ rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ ni mo sì fi san án. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, má fi pa mọ́, kọ ọ́ sí mi.

Kí Ọlọ́run tó mọ ẹjọ́ dá dúró ti ọ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Kí ó fún ọ ní ọjọ́ ogbó, kí ó sì fún Ìfẹ́olúwa ní ohùn bàbá àgbà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá purọ́ mọ́ ọ, kí ẹnu rẹ̀ tú u lójú rẹ nígbà tí o ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Monílọ́lá Oríọlá.

Àfikún: Àná ni Silas kọ ìwé sí mi, ojú ìwé mẹ́fà, pé kí n dárí ji òun. Ó ní òun yóò kọ sí ìwọ náà, ẹnì kan ti fún un ní àdírẹ́sì yín. Bí ìwé rẹ̀ bá dé, má ṣe fà á ya, má sì dá a lóhùn. Jẹ́ kí ó dúró. Bàbá rẹ dúró fún ọdún mẹ́wàá.